Ohun Tí Wọ́n Fi Kún Un, Ohun Tó Bọ́ Sílẹ̀: Ìtàn Ìlànà Ẹ̀kọ́ Àwọn Afiṣẹ́wòsàn ní Amẹ́ríkà



Láti ìgbà tí àjọ NUC ti gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ọ̀rọ̀ ìlànà ẹ̀kọ́ ò kúrò lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Ìdá 70 nínú 100 ni àjọ náà là sílẹ̀ fún gbogbo yunifásítì. Ìdá 30 tó kù, wọ́n ní kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ohun tó bá rí i pé ó yẹ dí i. Níbi tí a bá ti ń jiyàn lórí ìdá 30 yẹn, irú ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń gbọ́. Ẹnìkan á ní kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kún un. Ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ ògbufọ̀ ńkọ́? Ẹnìkẹta á ní ìmọ̀ ìròyìn lówó nínú. Gbogbo ẹnu ló ń sọ ohun tí wọn yóò fi kún un. Ẹnu mélòó ló ń sọ ohun tí wọn yóò yọ? Wákàtí tó wà nínú ọ̀sẹ̀ ò kúkú pọ̀ sí i.

Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi lọ wá ìtàn iṣẹ́ kan tó ti tún ìlànà ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe léraléra fún ohun tó lé ní 100 ọdún, tí àríyànjiyàn rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀. Iṣẹ́ náà ni àwọn Òyìnbó ń pè ní occupational therapy, Amẹ́ríkà sì ni ìtàn wa ti ṣẹlẹ̀. Níbẹ̀, ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti di ẹ̀kọ́ oyè kejì, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n sọ ọ́ di ti oyè ọ̀mọ̀wé fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí a rí nínú ìtàn yìí ni pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá fi nǹkan kún ìlànà ẹ̀kọ́ náà, nǹkan kan ń bọ́ sílẹ̀ láìsí ẹni tó kéde rẹ̀, ohun tó bọ́ sílẹ̀ yẹn náà ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì máa ń padà wá kiri.

Iṣẹ́ wo nìyí gan-an?

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá oníṣòwò kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù. Dókítà ti fún un lóògùn, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì ń bá a na apá àti ẹsẹ̀ kí iṣan rẹ̀ lè lágbára. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe wọ bùbá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan? Báwo ni yóò ṣe ro àmàlà, báwo ni yóò ṣe ka ṣéńjì fún oníbàárà, báwo ni yóò ṣe wẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń bu omi sí i lára? Ẹni tí ìbéèrè wọ̀nyí jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ni onímọ̀ occupational therapy. Yóò wo ilé aláìsàn, yóò wo ohun tó máa ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, yóò sì fi ṣíṣe àwọn nǹkan náà gan-an ṣe ìtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú orúkọ iṣẹ́ náà máa ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, wọ́n á rò pé iṣẹ́ oṣù ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí ènìyàn ń ṣe láti tọ́jú ara rẹ̀, láti tọ́jú ilé, láti jẹun, láti ṣeré, ló wà nínú rẹ̀. Nínú èdè tiwa, "iṣẹ́" nìkan ò lè gbé e. "Ìṣe" gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá jókòó lé e lórí, a wo bí a ṣe ṣẹ̀dá "ìfọ̀rọ̀wérọ̀" àti "ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò", a sì pè é ní ìfiṣẹ́wòsàn. Ẹni tó ń ṣe é ni afiṣẹ́wòsàn. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára ju èyí lọ, kó mú un wá. Ní báyìí ná, ohun tí a ó máa pè é nínú àròkọ yìí nìyẹn.

Lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àti oníṣẹ́ ọwọ́

Kò sí yunifásítì kankan níbi tí iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1906, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Susan Tracy bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Adams Nervine ní Boston bí wọn yóò ṣe máa fún ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Ìwé rẹ̀, Studies in Invalid Occupation, jáde ní 1910. Ní Chicago, ní ọdún 1908, Julia Lathrop àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣètò ẹ̀kọ́ kúkúrú kan ní Chicago School of Civics and Philanthropy fún àwọn tó ń tọ́jú alárùn ọpọlọ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Iṣẹ́ ọwọ́ àti eré ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ rọrùn: ẹni tí wọ́n tì mọ́ yàrá láti àárọ̀ dalẹ́ láìfún un ní ohunkóhun ṣe, àìsàn rẹ̀ yóò máa le sí i ni.

Eleanor Clarke Slagle gba ẹ̀kọ́ Chicago yìí ní 1911. Lẹ́yìn náà, ó lọ bá dókítà àrùn ọpọlọ náà, Adolf Meyer, ṣiṣẹ́ ní Johns Hopkins ní Baltimore. Meyer gbà pé bí ènìyàn ṣe ń lo àkókò rẹ̀ wọnú ìlera ọpọlọ rẹ̀, àti pé iṣẹ́, eré, ìsinmi àti oorun gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n. Slagle sọ èrò náà di ohun tí ojú rí: ó ń tọ́ àwọn aláìsàn tí gbogbo ayé ti fọwọ́ lérán lórí ọ̀rọ̀ wọn láti tún máa jí lákòókò, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n wọṣọ, kí wọ́n jẹun pẹ̀lú ẹlòmíràn, kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe nǹkan, kí wọ́n ṣeré.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1917, àwọn ènìyàn díẹ̀ pàdé ní ilé kan tí wọ́n ń pè ní Consolation House, ní Clifton Springs, ní ìpínlẹ̀ New York. George Edward Barton ló ni ilé náà. Ayàwòrán ilé ni, ikọ́ ìfe ti bá a jà, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ti rọ, iṣẹ́ igi àti iṣẹ́ ọgbà ló sì fi tún ara rẹ̀ gbé dìde. Àwọn tó bá a jókòó ni dókítà àrùn ọpọlọ William Rush Dunton, Slagle, Susan Cox Johnson tó jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́, Thomas Kidner tó wá láti Kánádà, àti Isabel Newton, akọ̀wé Barton. Tracy ò lè wá, ṣùgbọ́n wọ́n kà á mọ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tó di American Occupational Therapy Association, AOTA, sílẹ̀.

Ẹ wo irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́: nọ́ọ̀sì, dókítà, olùkọ́, ayàwòrán ilé, akọ̀wé. Kò sí ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí ìfiṣẹ́wòsàn láti yunifásítì kankan nínú wọn. Bí a bá fi òfin òde òní wọ̀n wọ́n, kò sí ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ iṣẹ́ náà tí wọn yóò gbà láyè láti ṣe é.

Ogun dé, àkókò kúrú

Oṣù kan ò tíì pé tí Amẹ́ríkà fi wọ Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn ọmọ ogun tí ìbọn gé lọ́wọ́, tí ìró ìbọn dà lọ́pọlọ rú, bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ilé iṣẹ́ ológun ń wá àwọn obìnrin tí yóò tọ́jú wọn, kíákíá ni wọ́n sì ń fẹ́ wọn. Ilé ẹ̀kọ́ ìfiṣẹ́wòsàn rú yọ bí olú: ní ọdún 1918 nìkan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ní Boston, ní Philadelphia, ní St. Louis àti ní Milwaukee-Downer College. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ ni, torí ogun kì í dúró de ẹni tó ń kàwé.

Nígbà tí ogun parí, ìṣòro wá yọjú. Ẹni tó kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan àti ẹni tó kọ́ ọ fún ọdún kan ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ilé ìwòsàn ò mọ ẹni tí wọn yóò gbà síṣẹ́. Ní ọdún 1923, ẹgbẹ́ wọn ṣe ohun tí a lè pè ní ìlànà ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà: ẹ̀kọ́ kankan kò gbọdọ̀ dín ní oṣù 12, iṣẹ́ inú ilé ìwòsàn sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ipa tí iṣẹ́ ọwọ́ kó ṣì pọ̀ gan-an nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ aṣọ híhun, agbọ̀n híhun, iṣẹ́ igi àti ìwé dídì, torí kò sí bí yóò ṣe fi ohun tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n ṣe kọ́ aláìsàn.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ yìí bọ́gbọ́n mu, a ò rí ẹni tó lè bá wọn jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà lélẹ̀. Láti ìgbà náà, nígbà tí iṣẹ́ yìí bá fẹ́ kí ayé bu ọlá fún un, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ bá ni gígùn ẹ̀kọ́.

Lábẹ́ agboorùn àwọn dókítà

Ní ọdún 1935, lẹ́yìn tí àwọn afiṣẹ́wòsàn fúnra wọn ti bẹ̀ wọ́n, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, AMA, gbé ìlànà jáde lórí irú ilé ẹ̀kọ́ ìfiṣẹ́wòsàn tí wọn yóò fọwọ́ sí. Ẹ má ṣe tètè bú wọn. Dókítà ló ń kọ aláìsàn ránṣẹ́ sí afiṣẹ́wòsàn. Bí dókítà ò bá gba ìwé ẹ̀rí rẹ gbọ́, yàrá òfìfo lo máa jókòó sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ obìnrin, ní àsìkò tí ọ̀rọ̀ obìnrin ò fi bẹ́ẹ̀ tà nílé ìwòsàn. Wọ́n wá agboorùn sá sábẹ́ rẹ̀ ni, agboorùn náà sì gbà wọ́n lọ́wọ́ òjò.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba agboorùn lọ́wọ́ rẹ ló ń pinnu ibi tí o máa gbà. Ìmọ̀ nípa egungun, iṣan àti iṣan ọpọlọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààyè nínú ìlànà ẹ̀kọ́. Ogun Àgbáyé Kejì tún mú ẹ̀kọ́ kíákíá padà wá, ó sì mú àwọn aláìsàn tuntun wá pẹ̀lú: àwọn tí ì bá ti kú tẹ́lẹ̀, tí oògùn tuntun wá gbà là, ṣùgbọ́n tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ti ṣẹ́, tàbí tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti bá jà. Ní ọdún 1947, Helen Willard àti Clare Spackman ṣe àkójọ ìwé ẹ̀kọ́ ńlá àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà, ìwé tí wọ́n ṣì ń tún tẹ̀ lónìí. Ilé ìwòsàn fẹ́ ohun tí wọ́n lè wọ̀n: báwo ni ìgúnpá ṣe ká tó, ìwọ̀n wo ni iṣan lè gbé?

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òfì. Ní ọdún 1917, aláìsàn ń hun aṣọ torí kó lè hun aṣọ, kó gbé e dání, kó rí i pé òun ṣì wúlò. Nígbà tó yá, wọ́n so òkúta ìwọ̀n mọ́ òfì kí apá tó ń fà á lè ṣiṣẹ́ tó le, wọ́n gbé e sókè kí èjìká lè ná dáadáa. Aṣọ ò jámọ́ nǹkan kan mọ́, èjìká ni wọ́n ń wò. Bí ẹ bá sọ fún ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn pé kó jókòó ti òfì láti àárọ̀, kó máa ju ọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n pé kò sẹ́ni tó bìkítà nípa aṣọ tó máa jáde, yóò bi yín bóyá ara yín dá. Nígbà tí aṣọ ò sì jámọ́ nǹkan kan mọ́, ẹnìkan ní láti béèrè pé kí wá ni òfì ń ṣe nínú yàrá. Báyìí ni iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń dín kù díẹ̀díẹ̀ nínú ìlànà ẹ̀kọ́, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ọmọ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè

Ọmọ inú iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ kígbe síta. Ní ọdún 1961, Mary Reilly gba orí pèpéle níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún tí wọ́n fi orúkọ Slagle sọ. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé èrò tí àwọn olùdásílẹ̀ fi sílẹ̀, pé ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀, pẹ̀lú ọkàn àti ìfẹ́ inú rẹ̀, yí ìlera ara rẹ̀ padà, lè jẹ́ ọ̀kan nínú èrò ńlá ìmọ̀ ìṣègùn ní ọ̀rúndún ogún. Ó wá bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì di èrò náà mú. Ní University of Southern California ní Los Angeles, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi èrò yìí ṣe òpó ẹ̀kọ́ oyè kejì.

Ní 1977, Phillip Shannon kọ àròkọ kan tó fi iṣẹ́ náà wé ọkọ̀ ojú irin tó ti yà kúrò lójú irin. Ní ọdún 1989, University of Southern California kan náà, pẹ̀lú Elizabeth Yerxa níwájú, dá ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé sílẹ̀ lórí ìmọ̀ tuntun kan: kí ni ìṣe ènìyàn, báwo ló ṣe ń mú wa wà láàyè, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ìṣe rẹ̀ bá dáwọ́ dúró? Ohun tí nọ́ọ̀sì Tracy ti mọ̀ ní 1906 láìní oyè kankan ni wọ́n ń fi oyè ọ̀mọ̀wé wá kiri báyìí. A ò sọ èyí láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ọwọ́ mọ̀ tí ẹnu ò lè ṣàlàyé, kíá ni wọ́n máa ń yọ ọ́ nínú ìlànà ẹ̀kọ́, torí kò sí ẹni tó lè gbèjà rẹ̀ nínú ìpàdé. Yerxa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá àlàyé fún un kí ó lè padà wọlé.

Ṣùgbọ́n ayé ò dúró dè wọ́n. Òfin ọdún 1975 tó fún ọmọ tó ní ìpèníjà ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ní iléèwé ìjọba gbé ọ̀pọ̀ afiṣẹ́wòsàn kúrò ní ọsibítù lọ sí iléèwé. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá fún àrùn ọpọlọ, níbi tí Slagle ti bẹ̀rẹ̀, ń tú ká. Ìlànà ẹ̀kọ́ tún gbọ́dọ̀ fi ọmọdé kún un, kó fi òfin kún un, kó fi ìwádìí kún un. Odò kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń ya wọ̀, bèbè odò náà ò sì fẹ̀ sí i.

Oyè ń gòkè

Ní 1994, àwọn afiṣẹ́wòsàn kúrò lábẹ́ agboorùn. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀, ACOTE, tí yóò máa fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn láìsí AMA níbẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1999, wọ́n ṣe ìpinnu kan tó wúwo: láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2007, oyè àkọ́kọ́ nìkan ò ní tó mọ́ láti wọ iṣẹ́ náà. Èyíkéyìí ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá lè kọ́ ènìyàn dé oyè kejì, kó ti ìlẹ̀kùn. Àwọn tó ti gba ìwé àṣẹ tẹ́lẹ̀ ń bá iṣẹ́ wọn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ gun àkàsọ̀ kan sí i. Ní àkókò kan náà, Creighton University ní Omaha ṣí ẹ̀kọ́ tí ènìyàn lè fi oyè dókítà wọ iṣẹ́ náà.

Ìdí tí wọ́n sọ fún oyè kejì lágbára: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ti pọ̀ ju ọdún mẹ́rin lọ, ilé ìwòsàn sì ń béèrè ẹ̀rí fún gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe. Ìdí mìíràn wà tó jẹ́ pé a mọ̀ ọ́n dáadáa nílẹ̀ yìí. Àwọn onífisiotẹ́rápì, tó jẹ́ aládùúgbò wọn, ń gòkè lọ síbi oyè dókítà, ó sì di dandan fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tiwọn nígbà tí ọdún 2015 fi parí. Ta ló fẹ́ jókòó nínú yàrá ìpàdé kó jẹ́ òun nìkan ni wọn ò ní pè ní dókítà?

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ACOTE kéde pé tó bá di ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2027, oyè dókítà nìkan ni ènìyàn yóò lè fi wọ iṣẹ́ ìfiṣẹ́wòsàn. Ariwo sọ. Àwọn olùkọ́ béèrè pé níbo ni a ó ti rí olùkọ́ tó ní oyè ọ̀mọ̀wé tí yóò tó gbogbo ilé ẹ̀kọ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé ta ni yóò san gbèsè ọdún tó lé e, nígbà tí owó oṣù ò ní yàtọ̀? Àwọn mìíràn tọ́ka sí ohun tó jinlẹ̀ jùyẹn lọ: iṣẹ́ tó ti kún fún àwọn aláwọ̀ funfun tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá tún gbé àkàsọ̀ rẹ̀ ga, ọmọ ta ni yóò lè gùn ún? Ta ni yóò máa lọ tọ́jú àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tálákà ní àdúgbò wọn? Ní 2018 wọ́n dá ìpinnu náà dúró ná. Ní 2019, ìgbìmọ̀ aṣojú AOTA dìbò pé kí ọ̀nà méjèèjì wà, oyè kejì àti oyè dókítà, ACOTE sì yí ìpinnu rẹ̀ padà. Nínú gbogbo ìtàn tí a kà, ìgbà yìí ni a rí i tí wọ́n dúró lórí àkàsọ̀, tí wọ́n wo ìsàlẹ̀, tí wọ́n sì bi ara wọn léèrè ẹni tó kù nílẹ̀.

Ìṣirò ọ̀sẹ̀ àti wákàtí

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń tún ìlànà ẹ̀kọ́ oyè kejì ṣe lónìí? ACOTE ní ìwé ìlànà kan tí wọ́n ń tún ṣe lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2018 wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2020 títí di ọdún 2025, kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ wà níbẹ̀ ní oókan-oókan. Àwọn olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi kọ́ọ̀sì tí wọ́n ti kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn, àti bí wọ́n ṣe dán akẹ́kọ̀ọ́ wò lórí rẹ̀. Àwọn aṣèbẹ̀wò yóò wá, wọn yóò yẹ ìwé wò, wọn yóò bá akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan bá sọnù, ilé ẹ̀kọ́ yóò jẹ́jọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ oyè kejì sábà máa ń gbà tó ọdún méjì tàbí ọdún méjì ààbọ̀. Nínú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 24 gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ àṣekára lábẹ́ ọ̀gá, nílé ìwòsàn, níléèwé tàbí láàárín ìlú. Ti oyè dókítà ní ọ̀sẹ̀ 24 yìí, ó tún ní ọ̀sẹ̀ 14 mìíràn fún iṣẹ́ àkànṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 24 kò ṣeé gé. Ìlànà inú ìwé kò ṣeé fò. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ kan bá ní kí wọ́n fi ìtọ́jú orí fídíò kún un, ibi tí wọn yóò ti rí wákàtí ni ohun tí ìwé ìlànà ò dárúkọ: wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ ì bá fi jókòó ti arúgbó kan kó kàn máa wo bí ó ṣe ń ṣe ẹ̀wà nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi kún un yóò wọ ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé. Èyí tó lọ ò ní wọ̀ ọ́.

Ilé wa ńkọ́?

Ìfiṣẹ́wòsàn kì í ṣe àjèjì pátápátá sí ilẹ̀ wa. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Obafemi Awolowo University ní Ilé-Ifẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún un sì wà ní Òṣòdì ní Èkó. Ṣáájú wọn ni Adeoye Lambo ti ń fi ètò abúlé ṣe ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ní Aró, ní Abẹ́òkúta, láti 1954. Aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ kan ń gbé láàárín àwọn ará abúlé, wọ́n ń bá ìgbé ayé ojoojúmọ́ lọ, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Meyer àti Slagle ì bá dá ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ mọ̀ kíákíá.

Àjọ àgbáyé àwọn afiṣẹ́wòsàn, WFOT, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ó kéré tán wákàtí 1,000 lẹ́nu iṣẹ́ kó tó gboyè. Ṣùgbọ́n láti àtúnṣe ọdún 2002, àjọ kan náà sọ pé kí ìlànà ẹ̀kọ́ ibì kọ̀ọ̀kan bá ìgbé ayé àwọn ènìyàn ibẹ̀ mu. Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ yìí ní Ifẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ kan gúnyán, bí arúgbó ṣe ń dìde lórí ẹní, bí mùsùlùmí tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún ṣe ń kírun, bí onídìrí tí ìka rẹ̀ ti le ṣe lè padà sídìí iṣẹ́. Kò sí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Philadelphia. Àwọn tó máa kọ ọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè àwọn tó ń ṣe é. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún àwa tó ń kọ́ Yorùbá, bí a bá jáde lọ wá a.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìdá 30 wa. A ò sọ pé kí wọ́n má fi kọ̀ǹpútà kún un; àwa náà fẹ́ jẹun. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé nígbà tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èyíkéyìí bá jókòó láti tún ìlànà ṣe, kí wọ́n kọ ìwé méjì: ìwé ohun tó wọlé, àti ìwé ohun tó jáde. Bí wákàtí ìmọ̀ ìròyìn yóò bá ti inú wákàtí ìrìn àjò lọ gba ohùn oníjàálá àti ẹkún ìyàwó lábúlé wá, kí wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Oníjàálá ò lè wá sí ìpàdé wá gbèjà ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfì ò ṣe lè gbèjà ara rẹ̀ ní Philadelphia. Bí a bá yọ ọ́ lónìí láìsọ, àwọn àbúrò wa ni yóò máa fi oyè ọ̀mọ̀wé wá a kiri lọ́jọ́ iwájú, nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n kì bá ti sí mọ́.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, kí ni wọ́n kọ́ yín tí wọn ò kọ́ wa mọ́? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ìwé kejì yẹn, ẹ jẹ́ kí àwa àti ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.